Ewé Inú Ṣaworo

Ajá ọmọ mi kọjá lójúde, ṣaworo ọrùn rẹ̀ dún, mo rántí ìgbà èwe mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ìyá mi ń gun òkè Ọ̀kà, ajá ọdẹ bàbá mi ṣíwájú. Àpáta ń jó mi lẹ́sẹ̀. Ìyá mi gbé iyán bàbá mi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ó ti ki ewé bọ inú ṣaworo ajá kó má baà dún.

“Má sọ̀rọ̀ o. Àwọn tó ń mú èèyàn lọ ru ẹrù òyìnbó wà nísàlẹ̀.”

Ajá ń ha ọrùn ṣáá. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo yọ ewé náà. Bí ajá ṣe rí bàbá mi níbi ihò àpáta tó sá pamọ́ sí, ó sáré sí i, ṣaworo ń dún. Ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin dún lẹ́yìn wa.

Wọ́n mú bàbá mi lọ, kò sì padà wálé mọ́. Títí ìyá mi fi kú, ohun tó ń sọ ni pé ewé náà ló jábọ́ fúnra rẹ̀.