Ọdún Tí Mo Fura sí Gbogbo Ẹnu

Mo rántí ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu àwọn èèyàn ju ojú wọn lọ. Ìlaró ni mo ń gbé, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ń fi tírélà kó sìmẹ́ǹtì láti Ìbẹ̀ṣè, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló sì máa ń wálé. Lójú mi nígbà náà, ó dà bí ẹni pé gbogbo ìlú ti gbìmọ̀ pọ̀ láti máa rọra sọ̀rọ̀. Aládùúgbò mi tó máa ń pariwo kí mi láàárọ̀ di ẹni tó kàn ń mi ẹnu lásán. Bí ọkọ mi bá pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí ẹ fi ń rọra sọ̀rọ̀ báyìí?" Ó ní kò sí ẹnì kankan, àfi sìmẹ́ǹtì. Mi ò gbà á gbọ́. Bó bá wálé, mo máa ń yẹ aṣọ rẹ̀ wò kí n tó fọ̀ ọ́. Eruku funfun nìkan ni mo ń rí, ni mo bá ń fura sí eruku náà pé ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi lo oògùn náà ní àlòjù.

Ilé-ìwé ló ti le jù. Mo bi ọmọ kan pé kí ni mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, ó dáhùn pé mẹ́sàn-án, etí mi gbé mẹ́fà wá fún mi. Mo ní kò gbà á, kí ó jókòó. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé etí mi ló ṣì í gbọ́. Tíṣà tó wà ní kíláàsì kejì ni mo rò pé ó kọ́ wọn ní ẹ̀rín yẹn, torí mo mọ̀ pé kíláàsì mi ń wù ú: afẹ́fẹ́ ń wọlé síbẹ̀ dáadáa, òrùlé rẹ̀ kì í sì í jò. Kò pẹ́ sígbà náà ni mo rí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa, ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ìyàwó pásítọ̀, lábẹ́ igi fúrúùtù pẹ̀lú alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n ń wo apá ọ̀dọ̀ mi, ẹnu wọn sì ń lọ. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀, síbẹ̀ ǹ bá lè ka gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀: wọ́n fẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Bó ṣe ń rí nìyẹn. Ohun tí etí mi ò bá gbọ́, ọkàn mi á sọ ọ́ fún mi, kì í sì í sọ rere.

Nígbà tó yá, mo gbà nínú ara mi pé bóyá etí ni, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Orí fóònù ni mo ti lọ ń wá ìmọ̀. Ọkùnrin kan níbẹ̀ ní kí n fún omi áyù sí i, òmíràn ní ẹni tó bá fún omi áyù sétí ń wá wàhálà. Ẹnì kan ní ayé ló ń ṣe mí, pé kí n fi orúkọ ìyá mi ránṣẹ́ sí òun. Mo pa fóònù náà dé. Níkẹyìn, oògùn tí mo rà ní gáréèjì Ayétòrò, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó ọjà wá láti Kútọnu, ni mo gbára lé. Faransé ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Mi ò gbọ́ Faransé, ohun tó sì mú kí n gbà á gbọ́ nìyẹn gan-an. Mo ń kán an sétí títí tí etí ọ̀tún fi ń ta mí bí ẹni fi iná sí i, tí omi ń jáde níbẹ̀. Dípò kí n bínú sí ìgò, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo ń fura sí, torí òun ló sìn mí lọ sí gáréèjì.

Ọ̀gá wa ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó gbé àga síwájú mi gan-an, ó ní, "Àǹtí, ọjọ́ Ajé, èmi àti ẹ̀yin ń lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n fẹ́ bá wa yẹ etí yín wò."

Mo ní, "Etí mi ò ṣe nǹkan kan, mà."

Ó ní, "Tí ò bá ṣe nǹkan kan, inú gbogbo wa á dùn."

Mo mọ̀ pé ẹ̀rí tí wọ́n máa fi lé mi ni wọ́n ń wá lọ. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ mi lórí fóònù. Èsì tó fún mi ni pé: "Ẹ bá wọn lọ. Èmi àti ọ̀gá yín ti jọ sọ ọ́." Wọ́n ti jọ sọ ọ́!

Ní ọsibítù, wọ́n mú mi wọ yàrá kékeré kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń yẹ etí wò gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn sí mi létí, ó fi bọ́tìnì kan sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ nígbàkúgbà tí mo bá gbọ́ ohùn. Òun àti ọ̀gá wa bọ́ sí ẹ̀yìn gíláàsì. Mo ti múra sílẹ̀ látilé. Mo tẹ̀ ẹ́, mo dúró díẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo sinmi, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léra, kó lè dà bí òótọ́. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi.

Ọ̀dọ́bìnrin náà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó rọra bọ́ nǹkan náà kúrò létí mi. "Màmá," ó ní, "mi ò tíì tan ẹ̀rọ náà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ mi."

Ọ̀gá wa wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá kékeré yẹn, pẹ̀lú gèlè rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí n lè rí ẹnu rẹ̀. "Ìyá tó bí mi ò gbọ́ràn mọ́ kó tó kú. Alágídí la pè é. A ń jẹun, a ń ṣeré, òun á dá jókòó sí kọ̀rọ̀, á ní à ń bú òun. A ní orí rẹ̀ ti dàrú. Kò sẹ́ni tó ronú kan etí." Ó nu ojú rẹ̀. "Nígbà tí mo rí bí ẹ ṣe ń wo èmi àti alábẹ̀wò lọ́jọ́sí, ojú ìyá mi ni mo rí."

Mo ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Mo dúró de ohùn. Ó pẹ́ kó tó dé, ìdákẹ́jẹ́ tó wà láàárín sì gùn débi pé mo sunkún níbẹ̀.

Wọ́n ní iṣan tó ń gbé ohùn lọ sínú ọpọlọ ló ti rẹ̀ ní etí méjèèjì, pé kò sí òróró tàbí oògùn tó lè jí i padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí lè ràn án lọ́wọ́. Oògùn Faransé yẹn ti bó inú etí ọ̀tún, a ní láti kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn. Ọ̀dọ́bìnrin náà tún sọ fún mi pé àwọn adití àtàwọn tí etí wọn ti ń kú máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìlaró wa. Mo ti ń kọjá níwájú gbọ̀ngàn náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Mo lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí. Mo ń rò ó pé kí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Àwọn kan ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, mo sì fura sí àwọn ọwọ́ náà pẹ̀lú. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi, tí ariwo ayùn ti ba etí rẹ̀ jẹ́, wá bá mi. Ohùn rẹ̀ ga bíi ti ẹni tó wà lókè odò. Ó ní, "Èmi ní tèmi, mo rò pé àwọn ọmọ mi fẹ́ ta ilé mọ́ mi lórí." Obìnrin kan dá sí i pé òun ti kó ẹrù kúrò nílé ọkọ rí, torí òun rò pé orin èébú ni orogún òun ń kọ, àṣé orin ìsìn ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà sọ ti eruku sìmẹ́ǹtì, ẹ̀rín sì gbé gbogbo wa lọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé kí n máa sọ fún èèyàn pé kó kọjú sí mi, kí n má fi ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, kí n má sì máa dáhùn hẹn-hẹn sí ohun tí mi ò gbọ́.

Ẹ̀rọ náà kò sọ ayé di Párádísè. Ariwo àpò ọ̀rá àti ti adìyẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, orí fọ́ mi. Mo tún gbọ́ pé àwọn ọmọ kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́, àti pé tíṣà kíláàsì kejì yẹn fẹ́ kíláàsì mi ní tòótọ́. Ó sì gbà á. Wọ́n fún mi ní èyí tó ń jò, mo to àwọn ọmọ yíká níbẹ̀ kí n lè rí ojú gbogbo wọn. Nítorí náà mi ò lè sọ pé gbogbo ìfura mi ni irọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé inú òkùnkùn ni mo ti ń fura, níbi tí ọ̀tá àti olùrànlọ́wọ́ ti jọra.

Ní báyìí, wọ́n máa ń darí èèyàn sọ́dọ̀ mi ní gbọ̀ngàn náà. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan fa bàbá rẹ̀ wá láti Ìlárá, àgbẹ̀ ni. Bàbá náà kò tíì jókòó tó fi ní, "Etí tèmi ò ṣe nǹkan kan o. Ìyàwó mi ló ń kùn sínú bí ẹni tó ń gbèrò." Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo èmi náà, ó wo ọ̀nà. Mo mọ ibi tó wà, mo sì mọ̀ pé àlàyé kì í fa èèyàn jáde níbẹ̀. Mi ò bá a jiyàn. Mo kọjú sí i, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìyàwó yín nígbà náà."

Ó fa àga kan sún mọ́ tèmi, ó sì jókòó.