Ẹni Tí Yóò Gba Ìwé Lọ́wọ́ Mi

Ojú ló lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ orí. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti mú mi wá sí Enugu ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní ìwé kíkà láàárọ̀ Sátidé, nínú yàrá kan ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Uwani. Àwọn òbí wọn ń tajà ní ọjà Kenyatta, àwọn ọmọ ń fi Gẹ̀ẹ́sì bú ara wọn. Mo máa ń fọ́nnu pé lójú èmi, èdè yìí ò ní kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ gbọ́ ẹnu!

Nígbà tí dókítà sọ pé ojú náà ò ní sàn mọ́, ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí mo bá rí ẹni tí yóò gba kíláàsì. Ẹgbẹ́ ti sọ ọ́ pé bí n kò bá rí ẹnì kan, àwọn á máa kó àga sí yàrá náà. Ni mo bá ránṣẹ́ pe àwọn tí mo ti kọ́ rí.

Wọ́n wá o! Àwọn onírùngbọ̀n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ bí mo ṣe béèrè pé ta ni yóò gbà á, kálukú ń wolẹ̀. Ọ̀kan ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí òun ráyè. Òmíràn fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ mí. Gẹ̀ẹ́sì! Lọ́dọ̀ èmi!

Nọ́ọ̀sì kan tó wọ kẹ̀kẹ́ wá láti Abakpa nìkan ló dìde. Òun ló mọ̀wé jù nínú wọn láyé ìgbà yẹn. Mo gbé ìwé wa àtijọ́ lé e lọ́wọ́, mo ní kó ka ìtàn ọdẹ tó sọnù sínú igbó fún mi. Mo di ojú mi. Háà, ọmọ náà kà á! Ohùn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, kò kọsẹ̀ níbì kan. Mo ti ń dúpẹ́ nínú mi. Ó dé ibi tí ọdẹ ti gun igi, ló bá ní:

"Ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, yọ ọwọ́ lẹ́nu!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi la ojú mi. Kò sí ìyẹn nínú ìwé. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ níbẹ̀ ní Sátidé.

"Ṣí ìtàn tó tẹ̀ lé e," mo ní. "Ka èyí tí a ò kà rí."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé tó tún ń pa á dé. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀, ó gbé ìwé náà padà lé mi lórí itan.

"Ẹ má bínú, Mọ̀mí. Ohùn yín ni mo máa ń há sórí. Ẹ kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, màá mọ̀ ọ́n."

Ó dùn mí wọ eegun. Mo gbé ìwé náà sún mọ́ imú, mo gbé e jìnnà, mo yí i síbi iná. Àwọn lẹ́tà ń rìn bí èèrà. Gbogbo wọn sì ń retí ohùn mi.