Géètì Àwọn Afẹsẹ̀rìn

Mi ò ní ọkọ̀, mi ò sì lè wa ọkọ̀. Ojú mi ọ̀tún kò ríran láti kékeré, dókítà sì ti kìlọ̀ fún mi tipẹ́ pé kí n má dán an wò láé. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé bí mo bá ti sọ fún ènìyàn ní Lekki pé ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn, ìbéèrè méjì ló máa ń tẹ̀lé e: ṣé ọkọ̀ mi bàjẹ́ ni, àbí mo ń sanra?

Iṣẹ́ mi ni títọ́jú àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú. Èmi ni mo máa ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tún ẹsẹ̀ lò. Nígbà tí mo lọ kọ́ sí i nípa iṣẹ́ yìí, ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sí ẹnìkan tó bi mí pé ọkọ̀ mi dà. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ lábẹ́ ilẹ̀, ó ń lọ lórí ilẹ̀. Mo máa ń pàdé ọ̀gá ilé ìwòsàn wa nínú rẹ̀ láàárọ̀, á di irin mú lórí ìdúró bí èmi náà ṣe di irin mú, obìnrin tó ń nulẹ̀ ní ọ́fíìsì wa á sì jókòó ní tiẹ̀, torí òun ló kọ́kọ́ wọlé. Mi ò sọ pé ìlú wọn dùn. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, àwọn aládùúgbò mi ò sì mọ orúkọ mi títí mo fi kúrò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Mo padà sí Èkó, mo gba ilé ní Jakande ní Ilasan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń tọ́jú ń gbé nínú àwọn ẹ́síteètì olódi tó tò lọ lẹ́bàá ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá kan tó ń gbé nítòsí Ikate. Bàbá yìí ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ó sì fi ìgbà èwe àti àgbà rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Kánò. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú un, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé e wá sí ilé ńlá tó kọ́ sínú ẹ́síteètì náà, ó sì gbà mí pé kí n máa wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Géètì méjì ni ẹ́síteètì yẹn ní. Ti iwájú wà fún ọkọ̀. Ti ẹ̀yìn jẹ́ ilẹ̀kùn irin kékeré kan lẹ́bàá gọ́tà, ibẹ̀ ni àwọn tó bá fẹsẹ̀ rìn ń gbà: ọmọ ọ̀dọ̀, kápẹ́ńtà, alágbàfọ̀, èmi. Ibi tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń já mi sí ò tó ogún ìgbésẹ̀ sí géètì iwájú. Láti dé ti ẹ̀yìn, mo ní láti yí gbogbo ògiri ká nínú oòrùn. Ní ọjọ́ kejì tí mo lọ, ọkùnrin tó ń ṣọ́ iwájú dá mi dúró.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ni tiyín."

"Ibí ni mo gbà wọlé níjọ́sí."

"Ọkọ̀ lẹ wọ̀ wá níjọ́sí."

"Ta ló wà nínú ọkọ̀ náà?"

Ó wo ilẹ̀. "Àwọn ọ̀gá ló ṣòfin, ẹ má bínú."

Mo bínú. Mo bínú nígbà tí mo yí ògiri ká, mo bínú nígbà tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi sínú ìwé tí wọ́n kọ "Òṣìṣẹ́" sí lórí, mo sì tún bínú nígbà tí mò ń jáde tí wọ́n tú báàgì mi wò bóyá mo jí nǹkan. Oṣù méje ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá ò mọ̀. Bí mo bá ti ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, rélùwéè ló máa ń bi mí. Báwo ni ti Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń dúró? Ta ló ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀? Tí mo bá dáhùn, á ní, "Ti wa tuntun tó wà ní Marina yẹn ńkọ́? Ṣé o ti wọ̀ ọ́?" Mo ní mo ti wọ̀ ọ́ rí. Ojú rẹ̀ á tàn. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìwọ lo ń kọ́ mi ní ìrìn. Mú mi rìn débẹ̀."

Mo sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Kí ni Daddy fẹ́ wá nínú tiréènì? Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà nílé." Ṣùgbọ́n ó gbà, ó ní awakọ̀ òun á gbé wa dé Marina, á sì dúró dè wá.

A wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Thursday kan. Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ fi káàdì ìwọkọ̀ kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, ó sì yọ̀ bí ẹni tó gba oyè. Nígbà tí a gun orí omi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dígí, ó ń fetí sí ìró irin lábẹ́ wa. Lọ́ọ́yà kan tó gbé aṣọ ilé ẹjọ́ rẹ̀ kọ́ apá jókòó ti obìnrin kan tó gbé agbada ìdínkàrà lé itan. Kò sí ẹni tó wo ẹnìkejì rẹ̀ tìkà-tẹ̀gbin. Kí n tó mọ̀, a ti dé Mile Two.

"Kò ju èyí lọ," Bàbá wí. "Àwọn tó ní kò ṣeé ṣe nílùú yìí, irọ́ ni wọ́n ń pa."

Ibi tí inú ti ń bí mi gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù nìkan ló ní i, mi ò ní janpata. Ìlú ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n Èkó náà ní i, mo jókòó sínú rẹ̀, ó sì gbé mi dé ibi tí mò ń lọ láìbú ẹnikẹ́ni. Ní apá tiwa, láti Victoria Island títí dé Ajah, ilé lórí ilé ni wọ́n ń kọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin sì wà lẹ́nu bí àlá. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, kó máa fò gọ́tà.

A padà dé Marina, a ò rí awakọ̀. Ọmọ Bàbá ti pè é pé kó wá gbé àlejò kan ní pápákọ̀ òfurufú. Mo wá táàsì, ó sì pẹ́ kó tó gbé wa dé Ikate. Wọn ò jẹ́ kí táàsì náà wọlé, torí pé nọ́ńbà ìwọlé tí wọ́n ń fún àlejò, orí fóònù ọmọ Bàbá ló wà, ó sì ti pa fóònù. A sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì lọ́jọ́ náà ni ọkùnrin tó máa ń dá mi dúró. Kò tíì rí Bàbá rí láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí ẹ̀yìn dígí dúdú ni Bàbá máa ń wà.

"Ilé ọmọ mi ni mò ń lọ," Bàbá sọ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹ bá fẹsẹ̀ rìn, ẹ̀yìn ni."

Mo la ẹnu láti pariwo. Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè díẹ̀. "Fi í sílẹ̀," ó sọ fún mi. "Ṣé ibi tí ìwọ máa ń gbà nìyẹn?"

"Ibẹ̀ ni, sà."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́ tí mo bá wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, a ń tọ ògiri lọ. Níbi tí ìdérí gọ́tà ti sọnù, a dúró, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì sọdá kí n tó gbé ara mi. Ó jókòó lẹ́ẹ̀mejì, lórí búlọ́ọ̀kù kan àti lórí táyà àlòkù. Òógùn bò ó. Nígbà tí a dé ilẹ̀kùn kékeré, wọ́n na ìwé sí i, ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ "Òṣìṣẹ́". Níbi tí wọ́n ní kéèyàn kọ ohun tó bá wá, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Mo wá sùn."

Ọmọ rẹ̀ pè mí kí ilẹ̀ tó ṣú. "Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí Daddy fẹsẹ̀ rìn yí ẹ́síteètì ká?"

"Iṣẹ́ tí ẹ gbà mí fún nìyẹn, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò ṣe àwàdà.

Bàbá ní kí ọmọ rẹ̀, tó wà nínú ìgbìmọ̀ ẹ́síteètì, jẹ́ kí wọ́n fagi lé òfin náà. Wọ́n ṣe ìpàdé. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lé ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì, wọ́n sì ṣe káàdì pàtàkì kan fún Bàbá. Òfin ò kúrò lójú kan. Bàbá ní òun ò gba káàdì. Ọmọ rẹ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n máa wọ táàsì wá, òun á máa san án, kí n lè máa gba iwájú wọlé. Mo ní rárá. Mo ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti owó táàsì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gba ẹlòmíràn.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Bàbá pè mí. "Ọkùnrin tí wọ́n mú wá yìí ní ọkọ̀ o, ṣùgbọ́n kò mọ ẹsẹ̀." Láti ìgbà náà ni awakọ̀ ti ń gbé e wá sí Jakande lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àárín àwọn ilé àdúgbò wa la ti ń rìn. Àwọn ìyá tó ń sá aṣọ ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn.

Mo pàdé ọkùnrin géètì náà ní Ajah, nídìí ibùdókọ̀. Kò tíì ríṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní, "Mọ́mì, ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe."

Mo ní mo mọ̀. Mo fẹ́ sọ pé wọ́n ṣe é níkà, mo fẹ́ sọ pé òun náà lè wo ojú arúgbó kó ṣílẹ̀kùn. Dípò ìyẹn, mo bi í níbi tó ń gbé, ó ní iwájú Badore ni, ẹsẹ̀ lòun sì máa fi lọ. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀, mo ní tí mo bá gbọ́ iṣẹ́, màá pè é. Mo dúró títí ó fi wọ inú èrò lọ, inú ṣì ń bí mi.