Àwọn Tí Ìyá Mi Ń Kí Lọ́nà Ìpàta

Ìyá mi a máa mọ ìkòkò, igi ló sì fi ń sun ún. Ó ti ń fa èéfín símú kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí ikọ́ rẹ̀ di ọdún kejì tí kò lọ, èmi ni wọ́n ní kí n mú un lọ sí ọsibítù, torí pé mo ka ìwé mẹ́fà. Àwọn ará ilé gbà pé ẹni tó bá ka ìwé mẹ́fà lè bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. N kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nígbà náà. Bí ẹni tí n kò mọ̀ bá kí mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ìwé ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí gbogbo oníkọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn. Nọ́ọ̀sì á bèèrè, á kọ nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́rin, á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ á rí dókítà. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré á gba oògùn ikọ́ olómi, á máa lọ sílé. Ìgò oògùn olómi yẹn mẹ́ta ti ṣófo nílé wa.

"Màmá, báwo ni ikọ́ yín?"

"Alhamdulillahi."

Nọ́ọ̀sì kọ òdo.

"Ṣé èémí máa ń há yín tí ẹ bá ń rìn?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Òdo.

"Ẹ ń rí oorun sùn?"

"Àwa tá a jí láàárọ̀ yìí, kí la tún ń wá?"

"Ara yín mà le ju tèmi lọ, Màmá." Ó ń wo ẹni tó kàn.

Ilẹ̀ ni mo ń wò tí mo fi sọ ọ́. "Anti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n pé àwọn wo ni wọ́n ń kí tí wọ́n bá ń ti ọjà Ìpàta bọ̀."

"Ìkíni? Kò sí ìkíni nínú ìwé yìí."

"Ẹ ṣáà bi wọ́n."

Inú ìyá mi dùn pé wọ́n bi í ní ohun gidi. "Mo máa ń kí oníṣu etí títì. Mo máa ń kí alágbẹ̀dẹ. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ìyá eléwúrẹ́ nísàlẹ̀ òkè wa, màá jókòó. Màá kí i, màá kí ewúrẹ́ rẹ̀."

"Ẹ mà lọ́yàyà o."

"Ìyá mi kì í bá ìyá eléwúrẹ́ yẹn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀," mo ní. "Ewúrẹ́ rẹ̀ fọ́ ìkòkò wọn mẹ́fà nígbà tí mo wà ní kékeré. Èṣín ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Ibẹ̀ ni èémí wọn ti ń tán."

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló bi ọ́?" Ìyá mi fẹ́ bú mi sí i, ikọ́ kò jẹ́.

Nọ́ọ̀sì dúró kí ikọ́ náà tán. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa òdo àkọ́kọ́ rẹ́, ó kọjú sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti òkè.

Dókítà fún ìyá mi ní agolo oògùn kékeré kan tí wọ́n ń fín sẹ́nu kí èémí má bàa há, ó sì ní kó jìnnà sí èéfín. Ìyá mi ń fín in láràárọ̀, ó sì gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí òdìkejì iná.

Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyá eléwúrẹ́ wá sílé wa, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lo kọjá níwájú ilé mi tí o ò dúró. Kí ni mo tún ṣe? Mo so ewúrẹ́ mi mọ́lẹ̀ o."

"O ò ṣe nǹkan kan," ìyá mi wí. "Alhamdulillahi."