Orúkọ Ẹni Tó Yìnbọn

Kò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́ta nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣàkíyèsí pé ìka kan ń dá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ni. Bó bá mu ọmú yó, tí oorun ń gbé e lọ, ìka náà á ká wọnú díẹ̀, á dúró bí ẹni tó ń tẹ́tí, á tún ká díẹ̀ sí i, á wá nà padà. Àwọn ìka yòókù kò ní mira. Amọ̀kòkò ni ìyá rẹ̀, bó bá rí ọwọ́ tó ti ṣiṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n. Ó wo ọmọ náà títí, ó ní, "Ìwọ, níbo lo ti ṣiṣẹ́ kó o tó wá?"

Ọdún mẹ́rin kọjá kó tó dáhùn. Ìyá ń po amọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ilé-iṣẹ́ ìbọn lòun ti ṣiṣẹ́ láyé tóun kọ́kọ́ wá, fún ọdún méjìlélógún. Yàrá gígùn kan, fèrèsé rẹ̀ ga ju orí lọ. Tábìlì onírin, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Wọ́n á gbé ìbọn tí kò ní ọta nínú síwájú rẹ̀, á fi ìka yẹn fà á bí ẹni tó fẹ́ yìn ín, á gbọ́ bó ṣe dún, á fi ìka wọn bó ṣe le sí. Ọ̀ọ́dúnrún lójúmọ́. Èyí tó bá dára, á lu òǹtẹ̀ rẹ̀ sí i lára. Bí ìbọn kan bá kọ̀ tí kò yìn, wọ́n á wo òǹtẹ̀, wọ́n á wá bi í. Kò sẹ́ni tó bi í rí nípa àwọn tó yìn. Òun fúnra rẹ̀ kò yìnbọn sí ẹnikẹ́ni rí. Ìdí tábìlì yẹn ló kú sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí irin.

Ìyá béèrè ohun tó ń jẹ́ ìbọn. Ó ṣàlàyé. Ìyá ní kó má sọ ọ́ fún ẹlòmíì.

Nílùú tí wọ́n bí i sí yìí, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Wọ́n á pe iná, iná á dé. Wọ́n á sọ fún ilẹ̀kùn kó ṣí, á ṣí. Bí ọmọ bá ti tó ọdún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ á bọ́ sí i lẹ́nu. Tirẹ̀ kò bọ́. Àwọn àgbà ní bí ti ẹni tó bá rántí ayé ibòmíì ṣe ń rí nìyẹn, pé ẹnu rẹ̀ ti kún kó tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹnu Òfìfo ni wọ́n sọ ọ́. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, torí irin kì í gbọ́ ọ̀rọ̀, òòlù ló ń gbọ́. Síbẹ̀, bó bá ń fi òkúta ṣáná láàárọ̀, ẹnìkan á yọjú láti ojú ọ̀nà: "Ẹnu Òfìfo, ṣé kí n yá ọ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan? Wàá dá a padà o." Á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ó lé ló fi bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó tó fẹ́ ya gbogbo ìlú lẹ́nu. Òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pa ojú ọgbẹ́ dé jù nínú gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló rí lára Ẹnu Òfìfo, ó ní láti àárọ̀ lòun ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kóun rí ẹni tó máa dákẹ́ nílé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí.

Orúkọ lewu níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kankan kò lè ṣe èèyàn ní ibi àfi kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀; ẹni tó ń sọ ọ́ náà gbọ́dọ̀ pe tirẹ̀ àti ti ìyá tirẹ̀, sókè, kí gbogbo èèyàn gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ìnagijẹ pe ara wọn. Ìdí nìyẹn náà tí ogun wọn pẹ̀lú àwọn ará òdìkejì odò kì í fi í yára. Ọdún kan lè parí kí wọ́n má rí ju orúkọ méjì lọ. Ọmọbìnrin alágbẹ̀dẹ wà lára àwọn tó ń lọ wá orúkọ. Á sọdá, á bá wọn jókòó, á gbọ́ àròyé wọn, oṣù mẹ́fà lè lọ lórí ẹnìkan. Ó máa ń sọ pé nígbà tóun bá fi gbọ́ orúkọ èèyàn tán, kì í wu òun láti gbé e wálé mọ́.

Ọgbẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Kí ìyàwó alágbẹ̀dẹ tó lè pa á dé, ó gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹni tó dá a. Bó bá ṣì í pè, ọgbẹ́ á là sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá a ti pariwo orúkọ ara rẹ̀ ná, kò sí ìṣòro.

Lọ́dún tí àwọn ará òdìkejì odò gba oko tó wà lẹ́bàá omi, Olórí ìlú pe ìpàdé. Wọ́n jiyàn títí ó rẹ̀ wọ́n. Alágbẹ̀dẹ dìde lẹ́yìn, ó ní òun mọ nǹkan kan tí kì í béèrè orúkọ. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Kò tíì sí ibi tí wọ́n ti dákẹ́ fún un rí.

Olórí ní, "Sọ̀rọ̀ sókè."

Ó sọ ọ́.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ. Ó bi í léèrè kan péré: ẹni tí wọ́n bá fi nǹkan yẹn ṣe léṣe, orúkọ ta ni kóun máa pè? Ó ní kò ní dé ibẹ̀, ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni yóò wà. Ìyàwó ká aṣọ náà tán, ó tú u, ó tún un ká.

Oṣù mẹ́jọ ló fi rọ ọgọ́jọ ìbọn. Kò sẹ́ni tó pè é ní Ẹnu Òfìfo mọ́. Ọ̀gá ni. Àwọn tó máa ń fẹ́ yá a lọ́rọ̀ ń dìde fún un lórí àga. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, létí odò, ọgbọ̀n èèyàn ṣubú lápá ọ̀hún. Nígbà tí àwọn tó yìnbọn padà, oníkálukú ń sọ fún ẹnìkejì pé ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ pé tòun ló bà wọ́n.

Ìbọn mẹ́ta sọnù sẹ́bàá omi lọ́jọ́ náà. Kì í sì í ṣe ìlú kan ṣoṣo ló ní alágbẹ̀dẹ. Kí ọdún tó yí po, ìbọn ń dún láti apá méjèèjì. Wọn ò wá orúkọ mọ́. Wọ́n fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìbọn bíi ti gbogbo èèyàn. Láàárín oṣù kan, èèyàn mọ́kànlá kú sórí ẹní nínú yàrá ìyàwó alágbẹ̀dẹ, nítorí orúkọ tí kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n gbé ọmọbìnrin náà dé, lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ. Ọta wọlé sábẹ́ ìhà. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e.

"Ta ni?"

Àwọn tó gbé e wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, àárín ló wà. Ọ̀tún ń dún, òsì ń dún. Èéfín la rí."

"Mo ní ta ni."

Ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀ láti etí ilẹ̀kùn. Alágbẹ̀dẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀mú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Pe tèmi."

Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ yìn ín."

"Pe tèmi, ìyá ọmọ."

"Bí mo bá ṣì í pè, ó máa là sí i. Ẹ sì mọ̀."

Ó ní òun mọ̀.

Ọmọbìnrin náà yí orí. "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n wádìí ná." Ẹni tó ń fi oṣù mẹ́fà wá orúkọ kan ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé e fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ pa ojú dé, ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀ àti orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀.

Ọta jáde. Ó bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àga. Ojú ọgbẹ́ pa dé, ojú àpá sì jọ ojú ara. Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀, ó sùn. Kò sẹ́ni tó yọ̀. Àwọn tó gbé e ń wo ilẹ̀. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ da omi sínú àwo, ó fọ ọwọ́, ó dà á nù, ó bu òmíràn, ó tún fọ̀ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìlà àwọn tó gbé ọgbẹ́ wá ti dé ojú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tàwọn ará òdìkejì wá. Orúkọ méjì kan náà ni ìyàwó rẹ̀ ń pè fún gbogbo wọn. Kò ṣìnà lórí ẹyọ kan. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn mọ́kànlá yẹn wá sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, ó wo alágbẹ̀dẹ láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ nìyẹn," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìránṣẹ́ Olórí dé. Ó kí i dáadáa. Ó ní Olórí ní kí Ọ̀gá rọ ọgọ́ta ìbọn sí i, pé ní báyìí tí ọgbẹ́ ti ń jinná, ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó jáde. Ìyá rẹ̀ jókòó lábẹ́ fèrèsé yàrá tí ìyàwó rẹ̀ ti ń pa ọgbẹ́ dé, ó ń po amọ̀.

Ìyá ní, "Wọ́n ti pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógójì láàárọ̀ yìí. Èmi tí mò ń mọ ìkòkò."

Ó dúró. Ìyá ń po amọ̀ lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìlà náà kọjá, wọ́n sún fún un, àwọn kan tilẹ̀ kí i. Ohùn ìyàwó rẹ̀ tún gba ojú fèrèsé jáde, ó pe orúkọ rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó yà sí ọ̀nà tó jáde kúrò nílùú, èyí tí kò gba etí odò, ó ń lọ.