Ìda Búlúù Lábẹ́ Síkì Kẹrin

Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ èyí, torí bí n kò bá sọ ọ́, ọkàn mi ò ní balẹ̀. Ọ̀rọ̀ Kassian Thaler ni, ọkùnrin tó ti ń dán síkì wò, pákó gígùn tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín, ní àfonífojì wa ní Tirol, láàárín àwọn òkè oníyìnyín, láti ọdún mọ́kànlélógún.

Síkì tí mò ń wí gbọ́dọ̀ ṣeé lò níbi gbogbo: lórí yìnyín tó le bí àwo láàárọ̀, nínú èyí tó jìn dé orúnkún láàárín igbó, àti nínú èyí tí oòrùn ti sọ di ògì lọ́sàn-án. Áà, bí ẹ bá gun èyí tó mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Bí ẹni ń fò ni!

Lóṣù Kẹta, àwa mẹ́ta tó ń dán wọn wò gbé síkì méje gòkè. A fi téèpù dúdú bo orúkọ ẹni tó ṣe wọ́n, nọ́ńbà nìkan la kọ sí wọn. Òfin wa ni pé kí o kọ èrò rẹ sórí káàdì kí o tó bọ́ bàtà, kí o má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ohun tí a bá kọ ni Rosina, tó ni ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀, máa ń tẹ̀ lé rajà. Kassian fúnra rẹ̀ ló ń pọ́n etí irin wọn, òun náà ló sì ń fi ìda kun abẹ́ wọn lọ́jọ́ tó ṣáájú kí wọ́n lè máa yọ̀.

Síkì kẹrin dùn láàárọ̀. Nínú igbó, ó léfòó. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, ó dúró gbagidi bí ẹni pé wọ́n di ìrù rẹ̀ mú. Díẹ̀ ló kù kí Kassian fi imú gbálẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Kò wúlò nínú yìnyín tó ti rọ̀. Ẹ má rà á." Èmi náà gùn ún, ohun kan náà ni mo kọ.

Nígbà tí a ṣí téèpù, orúkọ Burgi ló wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tó fi ìgbà òtútù méjì gbáko gbẹ́ ẹ nínú ilé màlúù bàbá rẹ̀, tí òun náà sì dúró níbẹ̀ láti gbọ́ èsì.

"Burgi, fi ṣe bẹ́ǹṣì jàre, ó kúkú mọ ìdúró!" Jörg, ẹnìkẹta wa, ló sọ ọ́. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kassian náà rín.

"Ẹ máa rín," Burgi dáhùn. "Bí Rosina ò bá rà á, mo ti síwọ́ síkì ṣíṣe nìyẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Kassian wà ní yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, à ń ha ìda kúrò lábẹ́ àwọn síkì. Ìda pupa, ti ìgbà oòrùn, ń bọ́ lábẹ́ ìkíní, ìkejì, ìkẹta. Lábẹ́ ìkẹrin, búlúù ló bọ́. Ìda búlúù, ti òtútù burúkú ni. Nínú yìnyín tó ti rọ̀, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rántí pé ọ̀rọ̀ síkì ni mò ń pariwo sí Kassian létí lọ́jọ́ tó ń kùn wọ́n. Ó nawọ́ láìwò, ó mú ìda tí kò yẹ.

Kassian yára fi àtẹ́lẹwọ́ bo èérún ìda náà bí ọmọ tó jí ṣúgà.

"O rí i?"

"Mo rí i, bàbá."

"Ṣé o lè gbé ọ̀rọ̀ yìí mì?"

Ó kù díẹ̀ kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìtìjú ìyẹn ṣì wà lára mi dòní. Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu, ojú Kassian ti pọ́n dé etí.

"Ìda!" ó ní. "Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ̀!" Ó kó èérún náà sápò, ó dé fìlà, ó jáde; mo tẹ̀ lé e.

Burgi wà ní ṣọ́ọ̀bù Rosina, ó wá gba káàdì tí a kọ nípa síkì rẹ̀. Kassian da èérún ìda sórí káńtà níwájú òun àti Rosina.

"Síkì yẹn ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo fi ìda òtútù kùn ún."

"Ẹ sì bá wọn fi mí rẹ́rìn-ín," Burgi sọ.

"Mo bá wọn rín. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n tún un kùn, ká tún un dán…"

"Rárá o, ẹ̀yin kọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Èmi ni n ó kùn ún."

Kassian mú káàdì tirẹ̀ lórí káńtà. Ó nà án sí Rosina pé kí ó fà á ya.

Lọ́sàn-án, èmi àti Jörg gbé síkì kẹrin, tí Burgi ti fi ìda pupa kùn, gòkè. Ó ń ṣàn bí epo! Igbe ayọ̀ ni mò ń ké bọ̀ wá sísàlẹ̀. Rosina ní òun fẹ́ méjìlá. Kassian ò bá wa gòkè. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí Burgi lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbà kọjá.

Ẹ má gba káàdì tèmi náà gbọ́ o. Ẹ wá lóṣù Kẹta, ẹ ní kí Rosina gbé síkì Burgi fún yín, ẹ dúró títí oòrùn á fi mú yìnyín rọ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín mọ̀ ọ́n.