Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Fún Mùínátù

Láàárọ̀ àná, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní Ìyànà-Ìbà nígbà tí mo gbọ́ tí obìnrin kan ń ké lóde pé, "Ìbàdíàrán! Ẹ má sáré o, ọkọ̀ ń bọ̀!" Mo yọjú. Ọmọdébìnrin kan tó gbé báàgì ìwé kọ́ ẹ̀yìn, tí kò tíì ga tó kántà, ló dá a lóhùn. Odindi ìyàwó ilé ń fi "ẹ" bá ọmọdé sọ̀rọ̀ láìtijú. Ẹ̀rín pa mí títí ọmọ tó ń tẹ ìwé fi bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí, kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní agboolé wa ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyàwó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé. Ìkókó tí wọ́n bá ti bí kó tó dé, ọkọ ni lójú tiẹ̀. Yóò wò ọ́ títí, yóò sì fún ọ lórúkọ tó wù ú. Ẹni tó pupa a di Apọ́nbéporé, ẹni tó dúdú a di Adúmáadán. Èmi tí mo ga ju ẹgbẹ́ mi lọ, Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pè mí. Àbúrò mi tó máa ń rojọ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ni Lọ́yà, á sì dáhùn bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù lóòótọ́. Nírọ̀lẹ́, tí àwọn ìyàwó bá ń yan ẹja, a kì í rí ojú wọn nínú èéfín, ohùn nìkan la máa ń gbọ́, kálukú a sì mọ èwo ni tiẹ̀. Àlejò tó bá jókòó síbẹ̀ kò lè mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

Mo dàgbà, mo di tíṣà, iṣẹ́ sì gbé mi dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan ní Òkokomáikò. Kíláàsì karùn-ún ni wọ́n fún mi, èmi náà ni mo sì ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Mo ra láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ní Àlàbá, mo ra módẹ́ẹ̀mù tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, mo sì ṣí búlọ́ọ̀gù fún àwọn ọmọ náà kí wọ́n lè máa kọ nǹkan tí ará ìta máa kà. Ẹgbẹ́ fèrèsé nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń wọlé, ibẹ̀ la gbé tábìlì sí. Jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ló ń fún wa níná. Tí ẹni yẹn ò bá ti rí oníbàárà, ó parí nìyẹn, a ó padà sídìí bọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á fọwọ́, wọ́n á wá máa fi ìka kan wá lẹ́tà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá fi kọ́mẹ́ǹtì síbẹ̀, háà, ariwo wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé!

Mùínátù wà lára wọn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti mú un wá. Ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé ní Àjàngbádì, ìyẹn Ìyá Ridwan, tó ń ta wáyà iná ní Àlàbá. Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún fúnra rẹ̀ ń lẹ táìlì sí ilẹ̀ ilé ní Pọ́tákọ́ọ̀tù, ó máa ń pẹ́ kó tó wálé. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, àmọ́ tó bá ń kọ̀wé, o ò ní fẹ́ kó dákẹ́. Ó kọ nípa ilé wọn: géètì búlúù, ilé búrẹ́dì tó dojú kọ ọ́, òórùn búrẹ́dì tó ń jí wọn láàárọ̀, àti bó ṣe máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti Ridwan títí ìyàwó wọn á fi ti ọjà dé. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e sórí búlọ́ọ̀gù pẹ̀lú ohun tó kọ, mo fi orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ilé-ìwé wá wò ó. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ro nǹkan kan sí i.

Kò pẹ́, kọ́mẹ́ǹtì kan wọlé, kò lórúkọ: "Ọmọ dáadáa. Ta ló máa ń wà pẹ̀lú ẹ nílé lọ́sàn-án?"

Ará ọjà kan fi í han Ìyá Ridwan lórí fóònù. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó já wọ kíláàsì mi tòun ti pọ́ọ̀sì owó nídìí.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé Eyínafẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Eyínafẹ́, àfìgbà tí Mùínátù dorí kodò.

"Ẹ kọ ilé wa síbẹ̀, ẹ kọ ìgbà tí mi ò sí nílé síbẹ̀! Ẹnì kan ti ń bèèrè ẹni tó ń wà pẹ̀lú wọn! Tí nǹkan bá ṣe wọ́n lọ́wọ́ mi, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ìyá ọkọ mi?" Ó ní òun ti di ẹrù ọmọ náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Abẹ́òkúta ni òun ń mú un lọ, kó parí ìwé rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ló bá bú sẹ́kún.

Ọ̀gá wa obìnrin gbọ́ ariwo, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí n pa búlọ́ọ̀gù náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ti búlọ́ọ̀gù kọ́ ló ká mi lára. Mo tún kọ́mẹ́ǹtì yẹn kà, mo ń wá ẹni tó lè kọ ọ́. Mùínátù ò sunkún ní tiẹ̀. Ó mú àkísà, ó ń nu tábìlì láptọ́ọ̀pù.

Ìyá Ridwan pe ọkọ rẹ̀ pé òun ń mú àbúrò rẹ̀ lọ sílé. Ó fi fóònù sórí sípíkà, ó ka ohun tí ẹni náà kọ fún un. Ọkọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní:

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní èmi ni. Mo ka ohun tí Mùínátù kọ, mo wá ń rò ó pé ṣé òun nìkan ló ń dá wà pẹ̀lú Ridwan ni. Mi ò rí ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ sí."

"Ẹ ò wá lè pè mí kí ẹ bi mí?"

"Mo rò pé wàá bínú ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ridwan jókòó gbì sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, ó ní, "Bàbá Ridwan, ẹ fẹ́ẹ̀ pa mí!" Èmi fẹ̀yìn ti bọ́ọ̀dù, ẹfun kún aṣọ mi, mo mí kanlẹ̀.

Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ìyá Ridwan nu ojú rẹ̀, ó ní, "Òun nìyẹn o. Tí kì í bá ṣe òun ńkọ́?"

Ẹrù ọmọ ṣì wà ní dídì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ agboolé wa sọ sí mi lọ́kàn.

Mo bi í pé, "Ta ló mọ Mùínátù sí Eyínafẹ́?"

"Èmi nìkan ni. Èmi ni mo fún wọn."

"Tó bá jẹ́ pé orúkọ yẹn ló fi ń kọ̀wé ńkọ́?"

Ó rò ó títí. Ó ní kí fọ́tò kúrò, kí géètì àti ilé búrẹ́dì kúrò, kí òun sì máa ka ohun tí ọmọ bá kọ kó tó jáde. Ọ̀gá wa gbà. Ni Ìyá Ridwan bá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọmọ tó kù lójú, ó ń fún wọn lórúkọ bí ẹni tí wọ́n gbé níyàwó sínú kíláàsì wa: Ìdílẹ̀kẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Akọ̀wé. Ṣínẹ́dù, ọmọ Ìgbò, na ọwọ́: "Àǹtí, èmi ńkọ́?" Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni Gbajúmọ̀." Ọmọ náà ò dáhùn sí Ṣínẹ́dù mọ́ títí ọdún fi parí.

Ìyàwó ìsinsìnyí ń pe àbúrò ọkọ lórúkọ gan-an, mi ò bá wọn jà. Ọmọdé ń gbé ojú, yúnífọ́ọ̀mù àti àdúgbò rẹ̀ sórí fóònù kó tó jẹun àárọ̀. Tí mo bá rí i, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé ṣé ẹnì kan wà tó lè fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọmọ yìí, kó wá pariwo mọ́ tíṣà. Níbi tó bá ti wà, ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, Mùínátù fọwọ́, ó jókòó sídìí fèrèsé, ó tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Orúkọ mi ni Eyínafẹ́. Mi ò ní sọ ibi tí mò ń gbé fún yín. Ìyàwó wa ti tú ẹrù mi."